Olùṣọ́ Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Kanlẹ̀

"Tó bá jẹ́ pé olùṣọ́ ni lóòótọ́, ibo ló wà nígbà tí ààrá wọlé?"

Tántì Espérance, nọ́ọ̀sì àgbà, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ nà sí àpótí funfun kékeré kan nínú pátákó iná, èyí tí wọ́n so síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ilé lọ́wọ́ iná ààrá. Àwọn ìyá ọlọ́mọ méjì tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wolẹ̀. Judicaël, tó fọwọ́ ara rẹ̀ so àpótí náà lọ́dún tó kọjá, tẹjú mọ́ fèrèsé kan lára àpótí ọ̀hún tí kò ju èékánná ọmọdé lọ. Àwọ̀ ewé ló ṣì wà níbẹ̀. Ká ní ó ti kú sẹ́nu iṣẹ́ ni, pupa ni ìbá jẹ́.

"Ara rẹ̀ dá, Tántì."

"Ara fírìjì mi ńkọ́?"

Ìyẹn ti kú ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, òjò ńlá rọ̀ sí Ìdí-Ìyeyè, abúlé tó wà lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ Massè. Ààrá sán lápá Kpoulou, àgbàrá iná gba orí wáyà wá, ó sì jó fírìjì tí ilé ìwòsàn kékeré náà fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n ti gbé tuntun wá. Ó wà nínú páálí lọ́dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì tú okùn rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó abẹ́rẹ́ bọ̀ yóò dé ní agogo mẹ́rin.

"Mi ò ní í so ó mọ́ iná tí a kò bá mọ ohun tó pa ti ìṣáájú," ni Tántì wí. "Bí ọkọ̀ bá dé tí o ò tíì rí i, wọ́n á kó abẹ́rẹ́ àti fírìjì lọ sí Tatonnonkon. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni yóò máa pọn ọmọ rìn débẹ̀. Wọn ò sì ní í máa lọ, ìwọ náà mọ̀."

Judicaël mọ̀. Láti kékeré ni àlọ́ tí kò lójútùú kì í jẹ́ kó jẹun, ìdí tó fi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ iná ní yunifásítì Calavi nìyẹn. Ṣùgbọ́n àlọ́ tòní yàtọ̀: àwọn tí yóò jìyà rẹ̀ ló ń fọ́mọ lọ́mú níwájú rẹ̀ yìí.

Ó tún ka ohun tí wọ́n kọ sára àpótí náà. Irú kejì. Irú kìíní ni ti ilé tó gbé irin ààrá sórí òrùlé. Irú kẹta ni wọ́n ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gan-an, láti gba ìyókù. Èyí tó wà láàárín ló tọ́ sí ilé tí àgbàrá iná ń gba wáyà wọ̀. Ó lè gbé tó ọ̀kẹ́ méjì áńpíà kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí yóò sì jẹ́ kó ṣẹ́kù sínú ilé kò ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ fólìtì, bẹ́ẹ̀ fírìjì lè fara da ẹgbàá. Ìṣirò náà pé.

Àgbàrá òjò kò ní òun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Àmọ́ onílé tó gbọ́n kì í fi àyà dí àgbàrá. Ó ń la ọ̀nà fún un ni.

Ọ̀nà. Judicaël gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó bọ́ síta.

Bàbá Ògúnjọbí, alágbẹ̀dẹ àtijọ́ tó fi ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà tọrẹ, ń bọ̀ láti oko. Ọkọ́ kíkán kan tó rí lójú ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí pèrègún tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé ìwòsàn, níbi tí ojúbọ Ògún rẹ̀ wà, ó sì fi ọkọ́ náà ti àwọn irin yòókù tó wà níbẹ̀.

"Irin tí kò lólúwa," ó ń sọ fún ara rẹ̀, "ó ti rí olúwa báyìí."

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá."

"Ọmọ Mosúnmọ́lá! O tún ti yíjú sápá kan bí ìyàwó tuntun tó pàdé àna."

Judicaël rẹ́rìn-ín ìtìjú. Ìyá rẹ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: bí o bá ń kọjá níwájú ojúbọ, apá kejì ni kí o máa wò. Ó ti lọ sí yunifásítì, ó ti bọ̀, ọrùn rẹ̀ ṣì ń ṣe é fúnra rẹ̀.

"Ìwọ tó ń tipa irin jẹun," Bàbá ní, "o ń kí ọmọọ̀dọ̀, o ò kí ọ̀gá."

Judicaël wo wáyà ilẹ̀, ọ̀nà tí àpótí náà là fún àgbàrá iná: wáyà aláwọ̀ ewé àti òféèfèé náà sọ̀kalẹ̀ lára ògiri ilé ìwòsàn, ó wọnú ilẹ̀ bó ṣe yẹ. Àbí kò yẹ? Erùpẹ̀ ló wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Sìmẹ́ǹtì ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ń dán. Judicaël mú gílóòbù kan jáde, ó so ó mọ́ wáyà iná méjèèjì, ó tàn. Ó tún fi wáyà ilẹ̀ rọ́pò ọ̀kan nínú wọn. Kò tàn, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ó fi òòlù fọ́ sìmẹ́ǹtì náà. Orí wáyà tí wọ́n gé ló bá nísàlẹ̀, irin gígùn tó gbá wọlẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó pe Rodrigue lórí fóònù, bíríkìlà tó gbẹ́ kòtò omi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn.

"Irin gígùn aláwọ̀ bàbà yẹn? Ó ń dí wa lọ́wọ́ ni, a gé wáyà, a fà á yọ. Àmọ́ mo fi sìmẹ́ǹtì bo ẹnu wáyà yín dáadáa o, kí ọmọdé má baà fọwọ́ kàn án!"

"Ẹ ṣeun. Irin ọ̀hún dà?"

"Orí àkìtàn ni mo jù ú sí. Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Judicaël tú àkìtàn náà látòkè délẹ̀. Agolo, háhá àgbàdo, bàtà ẹsẹ̀ kan. Kò sí irin. Nígbà tó dìde, Tántì ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Olùṣọ́ ò sùn, Tántì. Wọ́n gé e lẹ́sẹ̀ ni. Ó fẹ́ mú àgbàrá lọ sínú ilẹ̀, kò rí ilẹ̀ tẹ̀."

"Ẹ̀bi ta ni?"

Ó ronú kan Rodrigue. "Ẹ̀bi èmi tí mo ri irin mọ́lẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó ń ṣe níbẹ̀."

Ojú Tántì rọ̀. "Ó dáa. A ti mọ ohun tó pa á. Ṣùgbọ́n agogo méjì ti kọjá."

Ìlú Àjàṣẹ́ tó jìnnà ni Judicaël ti ra irin yẹn. Bí alùpùpù rẹ̀ bá tilẹ̀ ń fò, kò lè lọ kó bọ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Síbẹ̀ ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó gba ìdí pèrègún kọjá. Bàbá Ògúnjọbí wà níbẹ̀, ó ń rọra da omi igbá sílẹ̀. Ọrùn Judicaël ti ń yí lọ sápá kejì.

Irin tí kò lólúwa.

Ó dá ọrùn rẹ̀ dúró. Ó wò.

Ọkọ́, àdá, ṣéènì kẹ̀kẹ́, irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan. Láàárín gbogbo wọn, irin aláwọ̀ bàbà kan yọrí láti inú ilẹ̀ dé orúnkún, màrìwò wà lọ́rùn rẹ̀. Orí rẹ̀ ti fẹ̀ níbi tí òòlù ti gbá a lọ́dún tó kọjá, òòlù Judicaël fúnra rẹ̀. Wáyà aláwọ̀ ewé àti òféèfèé kan, tó gùn bí ìka, ṣì rọ̀ lára rẹ̀.

"Bàbá, irin yẹn..."

"Ìyẹn? Orí àkìtàn ni mo ti rí i. Ó lẹ́wà ju àkìtàn lọ. Mo gbá a wọlẹ̀ dáadáa, ojoojúmọ́ ni mo sì ń bomi tútù sí i nídìí."

Judicaël dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù náà. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó béèrè bóyá ọmọọ̀dọ̀ àti ọ̀gá ló ń kí, àbí ẹnì kan ṣoṣo. Láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí, Judicaël ń wo ilẹ̀ dúdú tó mu omi yó yí irin náà ká, ó sì ń fojú ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ara ògiri ilé ìwòsàn.

Méje péré ni. Wáyà inú àpò rẹ̀ á tó so olùṣọ́ mọ́ irin náà níbi tó wà, nínú ilẹ̀ tútù tó ń gba iná dáadáa.