Irọ́ Inú Yàrá Àyẹ̀wò

Onídìrí kan purọ́ fún dókítà.

Dókítà ti fi ìka tẹ kókó inú ọmú òsì rẹ̀, ó ti yẹ abẹ́ abíyá wò, ó sì ti ka èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú níbẹ̀. Jẹjẹrẹ ni. Ọmú náà yóò kúrò. Bí ó bá fẹ́, wọn yóò gé ẹran lára ikùn rẹ̀, wọn yóò fi mọ òmíràn lọ́jọ́ kan náà. Ó ní òun fẹ́.

"Ṣé ẹ máa ń mu sìgá?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó tọ́ ọ dàgbà, jókòó tì í. "Sìgá kẹ̀? Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́!"

Onídìrí ní òun kì í mu ún.

"Ó dára. Sìgá máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹran tí a bá gbé síbẹ̀ lè kú."

Láti ọjọ́ náà, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Yóò di irun dé ìdajì, yóò sá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, yóò tan sìgá, yóò pa á, yóò tún tan òmíràn.

"Àǹtí, ṣé irun mi ló ń jóná ni?" oníbàárà kan bi í.

"Orí ẹ ló ń gbóná. Jókòó jẹ́ẹ́."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹni tí ó pa òwe yẹn kò tíì dùbúlẹ̀ sí ọsibítù.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, dókítà ní kí ó dìde dúró, ó sì ń fi kálàmù fàlà sí ikùn rẹ̀. Onídìrí gbá a lọ́wọ́ mú.

"Mò ń mu sìgá, dókítà. Mo mu ún lánàá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. "Súìtì míǹtì tí ò ń lá bí ọmọdé yẹn, òórùn lo fi ń bò?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Rọ́bà tí wọ́n ń kì sáyà dípò ọmú ńkọ́?" onídìrí bi dókítà.

"Ìyẹn náà lè bàjẹ́. Jẹjẹrẹ kò ní dúró dè wá, a óò gé ọmú náà lónìí. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ẹ bá ti jáwọ́ pátápátá nínú sìgá kí a tó mọ òmíràn."

Nígbà tí ó jí, àyà òsì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ báńdéèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un lómi mu. Ó wá kó míǹtì inú báàgì àbúrò rẹ̀ dànù.