Ẹni Tó Ni Ìbọn Bàbá Lambert

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wọ aṣọ dúdú nítorí baálé mi. Kì í ṣe pé ẹkún mi kò tán. Ó ti tán. Ìbọn rẹ̀ ni kò tíì dún. Nílé àwa ọlọ́dẹ, lórí òkè Ìdáàṣà níbí, bí ọdẹ bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ yin ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá dún, òkú ṣì ni ó ni ín, opó kò sì gbọdọ̀ bọ́ṣọ. Ẹni tí yóò yìn ín gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò jẹ ẹran tí olóògbé pa rí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Baálé mi lawọ́ jù. Gbogbo òkè ló jẹ ẹran rẹ̀, títí dé Tré. A bẹ fádà ìjọ, ó ní òun jẹ ọ̀yà lọ́jọ́ Àjíǹde. A bẹ Wàsíù tó ń ta aṣọ lọ́jà, òun náà ní, "Ìyá, ẹ má bínú, bàbá máa ń jẹ́ kí n dúńbú tèmi sọ́tọ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ la wà tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ọ̀gá Hervé, fi gòkè wá pẹ̀lú bàtà dídán. Ó ní ìjọba ń gbèrò òfin: ìbọn tí ń ki ara rẹ̀, tí ń dún léraléra, kò ní í sí lọ́wọ́ aráàlú mọ́. Ìbọn yòókù, kí ẹni tó ni ín gbé e dání, kí òun ya fọ́tò wọn pọ̀. Èyí tí kò bá ní ẹni tó ni ín, òun á gbé e lọ.

Ìbọn baálé mi kì í ki ara rẹ̀. Kí o tó ki ẹtù sí i tán, ẹran ti dé Soclogbo, ó ti bímọ síbẹ̀.

"Ta ló ni èyí?" Ó bi Lambert, àkọ́bí mi.

"Bàbá mi ni."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Lambert nawọ́ sí sàréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

"Ẹ kúkú sọ pé tiyín ni."

"Kí n gba ìbọn lọ́wọ́ bàbá mi lójú ara wọn? Ẹ ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Ó dáa. Mò ń gbé e lọ."

Bí ìbọn yẹn bá lọ, inú aṣọ dúdú ni wọn yóò sin mí sí. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé òfin náà ti jáde?"

"Wọn ò tíì dìbò sí i, Ìyá."

Grégoire, olórí ọdẹ, wú ikọ́. "Òfin tí a kò tíì bí ń bá ẹni tó ti kú jà. Ẹ jẹ́ ká kúrò láàárín wọn."

Ọ̀gá Hervé kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ìbọn. Ọwọ́ náà ni mo wò, mo wá bi í bóyá ó ti jẹ ẹran ìgbẹ́ wa rí.

"Rárá, n kò jẹ ẹ́ rí. Dókítà kò gbà fún mi."

Grégoire ṣí fìlà. "Ọ̀gá, ẹ̀yin la ti ń wá, kí ẹ yin ìbọn yìí fún wa."

"Èmi tí mo wá gba ìbọn, kí n wá máa yin ìbọn?"

"Bó bá dún, Lambert á lè gbà á, ẹ ó ya fọ́tò yín. Bí kò bá dún, ẹ jókòó, kí ẹ máa bá òkú sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá Hervé wo oòrùn, ó wo sàréè, ó gbà. Wọ́n ki ìbọn fún un. Ó dijú, ó yìn ín. Ìbọn dún, ó gbé e sọ sórí gbágùúdá tí mo sá, àwọn ewúrẹ́ sì gun òkúta lọ.

Ó ku ohun kan tí a kò sọ fún un: ẹni tó bá yìn ín ló di olóògbé náà, títí yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó fún ní ìbọn. Mo kúnlẹ̀. "Baálé mi, ẹ kú àbọ̀. Ta lẹ fún ní ìbọn yín?"

"Ẹni tó bá wù yín! Kí n má ṣáà rí i mọ́."

Lambert, tó fi ogún ọdún jù ú lọ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣé, bàbá mi." Ó gba ìbọn, ó gbé e dání, wọ́n ya fọ́tò.

Mo wọlé lọ bọ́ṣọ. Nígbà tí mo jáde nínú aṣọ pupa, ọ̀gá Hervé ń gbọn gbágùúdá kúrò létí, ó bi mí bóyá òun lè máa lọ.

Mo ní kó mú ọ̀pá mi dání fún mi. Èmi náà ń sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́jà.