Abẹ́ Èwo Ni Ká Kọ Ẹ̀dọ̀fóró Sí?

Ìdí tábìlì ìdáná ni màmá mi ti kọ́ mi níwèé títí mo fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí a bá ń se omi tí a fún lára igi ọkà bàbà títí tó fi ki bí oyin, kẹ́mísírì nìyẹn, ìṣirò nìyẹn, ohun tí a ó fi jẹ búrẹ́dì lówùúrọ̀ nìyẹn pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó pín ìmọ̀ sí yàrá yàrá fún mi rí. Bóyá ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fi dà mí láàmú tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn.

Orí kọ̀ǹpútà ni fọ́ọ̀mù náà wà. Ènìyàn á to gbogbo ẹ̀kọ́ tó ti ṣe sínú rẹ̀, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ yan abẹ́ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wà. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, kẹ́mísírì, físíìsì àti ìṣirò ni wọ́n ń kà sí sáyẹ́ǹsì. Máàkì àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣà sọ́tọ̀, òun sì ni ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọ́kọ́ wò. Ìlera kò sí lára wọn. Bẹ́ẹ̀ rèé, kẹ́mísírì kọ́lẹ́ẹ̀jì ti fojú mi rí màbo. Ẹ̀kọ́ méjì tí mo ti gbégbá orókè, orúkọ ìlera ló wà lára àwọn méjèèjì. Abẹ́ ìlera náà ni mo kọ wọ́n sí.

Ọ̀mọ̀wé Stidham, obìnrin tó ń tọ́ àwa tó fẹ́ di dókítà sọ́nà, wo ohun tí mo kọ, wọ́n bá bọ́ awò ojú wọn.

"Ketura, ta ló ní kó o kọ wọ́n síbí?"

"Orúkọ wọn ni, mà."

"Orúkọ! Tí mo bá sọ ajá mi ní Màlúù, ṣé o máa fún wàrà lára rẹ̀ ni? Wọn kì í wo orúkọ, wọn kì í wo ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n ń wò. Tó bá jẹ́ ohun abẹ̀mí ló ju ìdajì lọ, sáyẹ́ǹsì ni. Padà sílé lọ rò ó. Ṣùgbọ́n má fà á kọjá ibi tó dé o. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ojú wọn mú."

Mo ṣírò rẹ̀ lọ́nà ilé. Bí mo bá gbé méjèèjì sábẹ́ sáyẹ́ǹsì, máàkì mi á fo ìlà tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó sún mọ́ orí òkè tí à ń gbé ń fẹ́. Bí mo bá gbé ẹyọ kan, etí ìlà náà ni yóò fọwọ́ bà, kò ní fò ó. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ni mo lè lọ láìfi Mámọ́, ìyá tó bí màmá mi, sílẹ̀. Mo pinnu pé méjèèjì ni n ó gbé.

Mámọ́ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀wà tútù sínú abọ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo bá wọn ṣẹ́ ẹ.

"Kí ni ẹ̀wà yìí ṣe fún ọ tó o ń ṣẹ́ ẹ bí ọrùn adìyẹ?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan nípa fọ́ọ̀mù rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlà tí máàkì mi ní láti fò yé wọn.

"Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kí lẹ kọ́ níbẹ̀?"

Ilé tó wà lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa. Yàrá tútù kan wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Bàbá kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tó ti fi ara rẹ̀ tọrẹ kí ó tó kú, kí àwa lè kọ́ ẹ̀kọ́. Wọn kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. A máa ń dúró jẹ́ẹ́ níwájú rẹ̀ kí a tó ká aṣọ tó bò ó, a kì í sì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré níta. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Bàbá kan ló kọ́ wa, Mámọ́," ni mo wí, ohùn mi lọ sílẹ̀. "Ó ti kú. Mo gbé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ́wọ́."

Abọ́ ẹ̀wà dúró lórí itan wọn.

Mo sọ fún wọn pé nínú ìwé, àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti òdòdó ni wọ́n fi ń kun ẹ̀dọ̀fóró. Tiẹ̀ dúdú bí èédú, ó sì wúwo. Nígbà tí a là á, dúdú náà yí mọ́ ìbọ̀wọ́ wa. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé awakùsà èédú ni, ọmọ òkè wa. Olùkọ́ fi hàn wá bí ọ̀nà èémí ṣe ń yà bí igi, ẹ̀ka ń bí ẹ̀ka, títí ojú kò fi lè bá a lọ mọ́, títí tó fi di àpò kéékèèké tó jẹ́ pé bí a bá tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀, wọn á bo ilẹ̀ ilé odindi. Gbogbo ìyẹn nínú àyà ènìyàn kan! Àti pé láàárín èédú yẹn, ibì kan ṣì kù tó rọ̀ bí kànìnkànìn. Ibẹ̀ ni bàbá náà fi mí títí dọjọ́ ikú.

Pápọ́, ọkọ Mámọ́, wa èédú títí agbára fi tán. Orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni wọ́n ti ń sùn nígbẹ̀yìn, torí wọn ò lè dùbúlẹ̀ kí wọ́n mí.

"Ohun tó wà nínú wọn nìyẹn," ni Mámọ́ wí. "Gbogbo ọdún yẹn, 'Ẹ húkọ́ gbé e jáde' ni mò ń pariwo mọ́ wọn."

"Kò ṣeé húkọ́ gbé jáde, Mámọ́. Ó ti wọnú ẹran ara."

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Kí ẹnì kan wá bá mi jiyàn. Èkejì ńkọ́?"

Ẹ̀kọ́ kejì, ilé dé ilé la ń lọ, à ń jókòó ti àwọn awakùsà tó ń ṣàìsàn, à ń bi wọ́n léèrè ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sọ́sípítù àti ohun tí wọ́n ń jẹ.

"Kí lẹ ṣe jù níbẹ̀?"

Ẹ̀wà ni mo ń wò. "A tẹ́tí sílẹ̀."

"Ẹ la nǹkan kan?"

"Rárá, Mámọ́."

"Ìtẹ́tísílẹ̀ lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn. Ohun tó dáa ni. Má wọ ẹ̀wù ẹlẹ́ẹ̀wù sí i lọ́rùn."

"Máàkì mi ò ní pé."

"Èémí bàbá yẹn náà ò pé. Èyí tó kù ló fi gbélé ayé. Ketura, kò dùbúlẹ̀ níhòòhò síwájú yín kó o lè fi ṣe ìbòjú irọ́."

Ẹyọ kan ni mo gbé.

Ìgbà ìwọ́wé ti dé, ewé igi òkè ti pọ́n kí èsì tó dé. Àwọn ayẹ̀wéwò kò yí nǹkan kan padà: ẹ̀dọ̀fóró wà lábẹ́ sáyẹ́ǹsì, ìtẹ́tísílẹ̀ wà lábẹ́ ìlera, máàkì mi sì dúró sí etí ìlà. N kò retí nǹkan kan mọ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà pè mí pé kí n wá, àwọn fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Mámọ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dì mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í là ní ṣọ́ọ̀ṣì! Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Mi ò mọ̀."

Wọ́n yí padà, wọ́n gbé ẹ̀yìn wọn fún mi. "Ó yá, fi àwọn àpò èémí yẹn hàn mí. Ibo ni wọ́n wà?"

Mo tẹ́ ọwọ́ lé wọn lẹ́yìn, lábẹ́ egungun èjìká. "Ẹ mí, Mámọ́."

Wọ́n mí. Ilé odindi náà ṣí sílẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, yàrá lẹ́yìn yàrá.

"Ṣé ó tóbi tó bó o ṣe wí?"

"Ẹ tún mí," ni mo wí.