Sítáǹdì Ọ̀kadà Sàlàkọ́

Bùsàrí mẹkáníìkì kò tíì gbójú sókè tó ti mọ ẹni tó ń ti ọ̀kadà bọ̀ láti ìsàlẹ̀ Ipakodo. Sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gbọ́, irin tó ń wọ́ nílẹ̀, kírá, kírá. Oṣù mẹ́ta nìyí tí irin yẹn ti ń wọ́ létí rẹ̀ bó bá ti kírun Àlàásárì tán, bẹ́ẹ̀ kò ní í sí ọ̀kadà kankan nítòsí. Ó tiẹ̀ ti gbé etí náà lọ fún dókítà. Dókítà ní etí mọ́ tónítóní.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kí wọ́n lọ bi Bùsàrí wò. Òun ló ṣu, kò sì gbàgbé.

Sàlàkọ́, ọkọ obìnrin tó ń bọ̀ yìí, ló gbé ọ̀kadà náà wá ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bóòtù tó di sítáǹdì mú ti jẹ ihò rẹ̀ gbòòrò, sípíríìnì sì ti dẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà tó ń fi iná jó irin ni, iná ò sì sí, Sàlàkọ́ sì ń kánjú lọ kó gbágùúdá ní Agbowa. Bùsàrí gé rọ́bà tíúùbù, ó fi so sítáǹdì náà sókè. Ó ní, "Ó máa gbé ẹ lọ, ó máa gbé ẹ bọ̀." Mẹkáníìkì wo ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Àmọ́ kò gùn ún wò, bó ṣe máa ń gun gbogbo ọ̀kadà tó bá tún ṣe kó tó fi lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ní kọ́nà Agbowa, lẹ́yìn Àlàásárì ọjọ́ náà, rọ́bà já, sítáǹdì já wálẹ̀, ó há mọ́ ọ̀dà títì, Sàlàkọ́ kò sì dìde mọ́. Àwọn èèyàn ní eré àsápajúdé ló pa á. Bùsàrí jẹ oúnjẹ fìdáù rẹ̀, ó panu mọ́.

"Bàbá Mardiyah, ẹ bá mi tún un ṣe," ni obìnrin náà wí. "Èmi ni n ó máa gùn ún. Gbágùúdá ò kúkú lè fẹsẹ̀ rìn wá s'Íkòròdú."

"Ìyá Waliyah, ẹ jókòó."

Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í. Bó bá jẹ́wọ́, ó lè dọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Bí kò bá jẹ́wọ́, irin yẹn á máa wọ́ títí wọn á fi sin òun náà. Ó jó irin dí ihò àtijọ́ pa, ó lu tuntun tó bá bóòtù mu rẹ́gí, ó fi sípíríìnì méjì sí i. Wọ́n ti kírun Àlàásárì kó tó parí.

"Ẹ máa gbé e lọ."

Obìnrin náà kò gba kọ́kọ́rọ́. "Ẹ ò gùn ún wò?" Ó ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà. "Ẹ jẹ́ ká dé kọ́nà Agbowa."

Bùsàrí gùn ún. Nígbà tí wọ́n yí kọ́nà náà, sítáǹdì kò mira. Síbẹ̀ irin ń wọ́ létí rẹ̀, kírá, kírá, ó le ju ti ìgbàkigbà lọ. Ó dúró, ó ta sítáǹdì sílẹ̀. Ọ̀kadà dúró gírígírí. Ó kọjú sí obìnrin náà.

"Ìyá Waliyah, èmi ni mo pa á. Rọ́bà ni mo fi so ó."

Obìnrin náà tú etí ìró rẹ̀, ó mú ègé rọ́bà dúdú kan jáde, kókó ṣì wà lára rẹ̀.

"Ibí ni mo ti ṣà á, lọ́jọ́ kẹta. Mo gbé oúnjẹ fìdáù fún yín, mò ń wo ẹnu yín." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ẹ má sọ fún mi mọ́. Òun ni kẹ́ ẹ sọ fún. Oṣù mẹ́ta ló ti ń wọ́ irin yẹn kiri ìta wa lẹ́yìn Àlàásárì."

Bùsàrí bojú wẹ̀yìn. Kò séèyàn lójú títì. Ó ṣí fìlà lórí.

"Sàlàkọ́," ó pè é, "rọ́bà ni mo fi so ó."

Létí àwọn méjèèjì, irin náà dákẹ́.