Sídíì Mẹ́fà fún Màmá Awo

Ọjọ́ kejìlá tí wọ́n gbé ìyá ọkọ Ayọ̀mípọ̀sí wá sí Ẹdẹ ni obìnrin náà sọ pé wíwo ògiri ti sú òun. Awo ló ń gbé tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Màmá Awo. Ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, eegun ẹsẹ̀ ọ̀tún kán, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì funfun dì í títí dé orúnkún, dókítà sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Obìnrin tó máa ń dé oko kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, òun ló wá jókòó sórí àga ní pálọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Fóònù ò wù ú í wò. Ó ní àwọn èèyàn inú ẹ̀ kéré jù, bí èèrà ni wọ́n ń rìn lójú òun.

Ohun tó gbé Ayọ̀mípọ̀sí dé ìsọ̀ Sàídì nìyẹn. Olùkọ́ ni Ayọ̀mípọ̀sí, ó lọ ṣe ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Sekona, nígbà tó ń bọ̀ ló rí ìsọ̀ náà ní oríta, tí wọ́n to páálí sídíì síta bí ẹni to búrẹ́dì. Sàídì na ọ̀kan sí i. Fíìmù alápá púpọ̀ ni, sídíì mẹ́fà nínú páálí kan, tí àwòrán ìyàwó tuntun àti ìyá àgbà kan tó ń rẹ́rìn-ín wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé kò sí ìhòhò níbẹ̀?" Ayọ̀mípọ̀sí bi í. "Ìyá ọkọ mi tí kò lè dìde ló fẹ́ wò ó."

"Ìhòhò kẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìdílé ni, Àǹtí. Ẹ̀rín ló pọ̀ nínú ẹ̀."

"Ìwọ ti wò ó?"

Sàídì bú sẹ́rìn-ín. "Èmi tí mò ń tà á látàárọ̀, ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè wò ó?"

Ayọ̀mípọ̀sí náà rẹ́rìn-ín, ó sì rà á bẹ́ẹ̀, láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló mú un rà á. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín òun àti ìyá náà. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí oyún kejì tún bàjẹ́ mọ́ ọn lára, ó dùbúlẹ̀ sí yàrá, wọ́n sì rò pé ó ti sùn. Ó gbọ́ ohùn Màmá Awo ní pálọ̀, tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ta ló mọ ohun tó ti fi inú yẹn ṣe kó tó wọlé wa?" Ayọ̀mípọ̀sí ò dìde. Kò sọ fún Ọláolúwa ọkọ rẹ̀, kò sọ fún ìyá tó bí i pàápàá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọlọ́run fi ọmọbìnrin ta á lọ́rẹ, Màmá Awo ló sì kọ́kọ́ wẹ ọmọ náà. Ọmọ dé, ọ̀rọ̀ ò lọ. Ìyàwó àti ìyá ọkọ ń kí ara wọn dáadáa, wọ́n ń bi ara wọn léèrè oúnjẹ àti oògùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ní báyìí tí wọ́n ti wá wà lábẹ́ òrùlé kan náà, ìdákẹ́jẹ́ pálọ̀ yẹn ń wúwo. Ayọ̀mípọ̀sí ń wá ohun tí yóò máa pariwo níbẹ̀.

Sídíì náà sì pariwo lóòótọ́. Zulfah, aránṣọ tó wà ní ojúlé kejì, ló ń wá bá màmá tan ẹ̀rọ tó ń ka sídíì, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń wò ó. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, bí Ayọ̀mípọ̀sí ṣe ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé ní yàrá, ẹ̀rín Màmá Awo ló ń gbọ́. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní òun ra ohun rere.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, lákòókò ìsinmi, ó ń sọ ọ́ fún Mubarakah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ni. Ó júwe páálí náà fún un. Mubarakah gbé síbí ẹnu rẹ̀ dúró.

"Ayọ̀, ìyẹn lo gbé fún ìyá ọkọ ẹ?"

"Kí ló dé?"

"O ò wò ó kí o tó gbé e fún wọn? Ẹ̀rín ni ti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá dé sídíì kẹrin, oyún ìyàwó á bàjẹ́, ìyá ọkọ á wá dúró láàárín ilé, á ní onísekúse ni, pé ó ti fi ilé ọmọ ṣeré kí ọmọ òun tó fẹ́ ẹ. Wọ́n lé e jáde nínú òjò. Èmi ò lè wò ó kọjá ibẹ̀."

Ayọ̀mípọ̀sí dìde. Ní alẹ́ àná, Zulfah ti ní sídíì kẹta ti parí. Òní ni ti ìkẹrin. Màmá Awo yóò rò pé ńṣe ni Ayọ̀mípọ̀sí mọ̀ọ́mọ̀ rà á, pé ó lọ wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ sí òun ìyá nínú tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí òun ò lè dìde kúrò níwájú ẹ̀. Ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, Mubarakah ní òun á mójú tó ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì gun ọ̀kadà. Lójú ọ̀nà, ó ń to ohun tí yóò sọ, ó ń tú u ká, ó tún ń tò ó.

Nígbà tó wọlé, tẹlifíṣọ̀n ti kú. Zulfah ò sí níbẹ̀. Màmá Awo nìkan ló jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí tìmùtìmù, gèlè rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká.

"Ẹ kú ilé, Mà."

"Jókòó, Ayọ̀."

Ó jókòó sí etí àga.

"Ìwọ lo ra sídíì yìí."

"Èmi ni, Mà. Ṣùgbọ́n mi ò wò ó kí n tó rà á. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, Mà. Ìsinsìnyí ni Mubarakah ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi, ìdí tí mo fi sáré wálé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kì í ṣe pé mo…"

"O ò wò ó rárá?"

"Rárá, Mà. Àwòrán ẹ̀yìn páálí ni mo wò."

Màmá Awo nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè náà, ìgbà yẹn ni Ayọ̀mípọ̀sí wá rí i pé ó ti sunkún.

"Mo bínú sí ẹ láàárọ̀ yìí," ni ó wí. "Mo bínú débi pé mo ní kí Zulfah pe Ọláolúwa fún mi, pé kó wá gbé mi padà sí Awo. Mo ní o gbé ẹjọ́ mi lọ fún àwọn onífíìmù. Nígbà tí Zulfah ti lọ, tí mo wá dá jókòó, mo rántí ohun tí mo ṣe nígbà tí ìyá inú fíìmù yẹn ń sọ̀rọ̀. Mo ṣépè fún un, Ayọ̀. Mo ní kò ní í bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun. Zulfah ń bẹ̀ mí pé kí n rọra, pé eré ni. Mo ṣépè náà tán kí n tó mọ̀ pé èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí."

Ayọ̀mípọ̀sí ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"O gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, àbí?"

"Mo gbọ́, Mà."

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni o kò ti fi ojú rẹ wò mí tààrà mọ́. Ẹ̀rù bà mí láti bi ọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo lè mú kí ẹni tí kò gbọ́ wá gbọ́." Ó na ọwọ́ síwájú, sìmẹ́ǹtì ẹsẹ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kó lè dé ibi tó ń lọ. "Mi ò lè kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n fojú inú wò ó pé mo kúnlẹ̀. Dárí jì mí, ìyàwó mi. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń pa á."

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Mà." Ayọ̀mípọ̀sí ti kúrò ní etí àga, ó ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó kán náà, kò mọ ìgbà tí òun débẹ̀. Ẹkún dé, ẹ̀rín sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Èjìká rẹ̀ fúyẹ́ bí ti ẹni tó pọn omi láti odò tó jìn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ garawa náà kalẹ̀. "Mo ti dárí jì yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dárí jì yín, ẹ̀yin ni ẹ ò bẹ̀ mí."

"O ṣeun," ni Màmá Awo wí. Ó ń fọwọ́ pa á lórí. "O ṣeun, ọmọ mi."

Lẹ́yìn náà ni Màmá Awo fọn ikun imú rẹ̀, ó sì bèèrè bóyá Mubarakah ti sọ bí fíìmù náà ṣe parí.

"Kò wò ó dé ìparí, Mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé ìkarùn-ún sí i. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọmọbìnrin yẹn sùn sí nínú òjò."

Ayọ̀mípọ̀sí ò tíì wo fíìmù lọ́sàn-án rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ. Ó se àgbàdo, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín wọn, Màmá Awo sì ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú sídíì mẹ́rin àkọ́kọ́ fún un, ó ń ní kó dá ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré dúró kí òun lè parí tòun. Orí èyí ni Ọláolúwa bá wọn. Aago márùn-ún ti lù, ó ti gbé ọmọ láti iléèwé, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí Zulfah sọ lórí fóònù ni pé kó máa bọ̀ wá gbé màmá padà sí Awo, inú wọn ò dùn.

"Màámi, ẹ ti di ẹrù yín?"

"Ẹrù wo?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Yẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n."

Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ tó fẹ̀yìn ti àga ìyá náà, pẹ̀lú ojú tó wú. Ó tẹ̀ lé Ayọ̀mípọ̀sí lọ sí ilé ìdáná nígbà tó lọ bu omi. Ibẹ̀ ni Ayọ̀mípọ̀sí ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ibùsùn ọdún mẹ́rin sẹ́yìn títí dé àgbàdo òní.

"Èéṣe tí o kò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Ìyá rẹ ni. Mi ò fẹ́ kó o máa fi ojú mìíràn wò wọ́n."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ife omi tó wà nínú ẹ̀. Láti pálọ̀, wọ́n gbọ́ tí Màmá Awo ń ṣàlàyé fún ọmọbìnrin wọn, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, irú ẹ̀dá tí ọkọ inú fíìmù náà jẹ́, ọmọ náà sì ń dáhùn pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá."