Ọ̀kan Ni Mo Bí

Àwọ̀ ewé ló ṣì wà lójú fóònù. Nọ́ọ̀sì Wúràọlá wò ó lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ onílàákàyè inú fóònù náà ló máa ń sọ aláboyún tó lè bímọ sí ilé ìwòsàn kékeré wọn l'Ọ̀dà, àti ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ sí Àkúrẹ́. Ó ní kò séwu fún Tolúwalọpẹ́ tó ń rọbí níwájú rẹ̀ yìí.

"Kí lẹ ń wò nínú fóònù látàárọ̀?" ni ìyá ọkọ Tolúwalọpẹ́ béèrè. "Ìyàwó mi kì í pẹ́ bímọ. Àfi ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dà lára ẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Lórí èyí tó kú yẹn, díẹ̀ ló kù kóun náà bá a lọ."

"Èwo ló kú, Màmá? Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé rẹ̀."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni màmá wí.

Àyà Wúràọlá já. Orí bẹ́ńṣì, láàárín èrò, ló ti bi Tolúwalọpẹ́ láàárọ̀ pé ọmọ mélòó ló ti bí. Ó ní ọ̀kan. Ta ni yóò jókòó láàárín èrò kó máa ka ọmọ bí ẹni ń ka iṣu? Wúràọlá fúnra rẹ̀ bí mẹ́ta, ọ̀kan ló sì máa ń wí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣì tẹ ọ̀kan sínú fóònù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè wá níta."

Ó ti ilẹ̀kùn. "Má fẹnu kà á. Fi ìka hàn mí. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti bímọ, pẹ̀lú èyí tó kú?"

Tolúwalọpẹ́ wo ilẹ̀kùn. Ó na ìka márùn-ún. Nígbà tí ìrora náà rọlẹ̀, ó na ọ̀kan sí i.

Wúràọlá tún un tẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kún un. Ojú fóònù di pupa. Ó pe àwọn dókítà Àkúrẹ́ pé àwọn ń bọ̀.

Gbémiga, tó ń fi mọ́tò kérò lọ sí Àkúrẹ́, ló sáré gbé wọn.

"Ṣé mi ò ní kú, Nọ́ọ̀sì?" ni Tolúwalọpẹ́ béèrè nínú mọ́tò.

"Di ọwọ́ mi mú," ni Wúràọlá wí.

Ẹ̀jẹ̀ dà lóòótọ́ lẹ́yìn tí ọmọ dé, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti ń retí wọn, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára sì ti wà nílẹ̀. Ìyá yè, ọmọ yè.

Wúràọlá jókòó síta, ó ṣí orúkọ àwọn aláboyún yòókù. Méjìlélógójì ni wọ́n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú wọn ló ní ọ̀kan làwọn bí. Ẹ̀rù tún bà á, ju ti àárọ̀ lọ.

Ó pe ẹni àkọ́kọ́. "Ìyá Ayọ̀mikún, ẹ kú ilé o. Nọ́ọ̀sì ni. Ẹ má wulẹ̀ wá, èmi ni mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kó ku àwa méjì."