Ìṣùpọ̀ Ìràwọ̀ Tí Kò Sùn

Délé, jọ̀ọ́, má tíì tan kọ̀ǹpútà yẹn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú fún ọ.

Mo wà nínú ọ́fíìsì wa yìí, mò ń to àwòrán àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe: èyí tí nǹkan ń jó láàárín rẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó dákẹ́ lọ́tọ̀. Mo kọ "ó ń sùn" sí ọ̀kan lára. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán, ó wúkọ́.

Ọ́fíìsì ti di ilé ìwòsàn. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi eruku bora bí ẹni tí òtútù ń mú. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Ojú lásán lẹ fi wò ó? Ẹ ò ya ẹ́ksíréè?" Ó gbé fíìmù àyà rẹ̀ sójú fèrèsé. Lábẹ́ eruku yẹn, àárín rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, ó ń gbé gbogbo ohun tó wà nítòsí mì. Mo fẹ́ pa ohun tí mo kọ rẹ́, báírò mi ti di ṣíbí.

Mo jí. Má rẹ́rìn-ín, má sì bá mi túmọ̀ rẹ̀. Lánàá, nígbà tí àwòrán ẹ́ksíréè àwọn ìṣùpọ̀ náà, èyí tó ń rí abẹ́ eruku, ò tètè ṣí, ó sú mi. Àwòrán ojú lásán nìkan ni mo wò tí mo fi kọ "ó ń sùn" sí gbogbo àwọn tó kù. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà lórí iṣẹ́ náà, ọ̀gá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án yìí.

Ó yá, tàn án.